Iyùn Àlejò: Dídá Ohun Tó Bá Òkúta Wọlé Mọ̀ àti Títọ́jú Rẹ̀

Ẹni tó ra òkúta ààyè fún táǹkì omi òkun ti ra ohun tó ju òkúta lọ. Kànrìnkàn, ìgbín, akàn, ekòló àti ewé oríṣiríṣi ló ti fi òkúta náà ṣe ilé. Bí orí bá sì ṣe é ní ire, iyùn kan tàbí méjì á wà níbẹ̀ tí ẹni tó tà á kò kọ sínú rìsíìtì. Iyùn àlejò la ó máa pè é nínú orí yìí. Ó bá òkúta wọlé, kò san owó ọkọ̀, kò sì sọ orúkọ ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Onítáǹkì ló máa wádìí irú ẹni tó jẹ́ kó tó pinnu bóyá òun á bọ́ ọ tàbí òun á yọ ọ́ kúrò.

Ọ̀pọ̀ ló ń kánjú níbi tó yẹ kí wọ́n ti ṣe sùúrù. Wọ́n á rí ohun kan tó na ọwọ́ jáde nínú ihò, wọ́n á sì ti da oògùn lé e lórí kí ilẹ̀ tó ṣú, iyùn gidi ni wọ́n sì pa. Ìlànà tèmi ni pé kí ẹ má pa ohunkóhun ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, àfi akàn tí ẹ bá fojú ara yín rí tó ń já ara iyùn jẹ.

Níbo ni òkúta náà ti wá?

Ìbéèrè yìí ló ṣáájú, torí ìdáhùn rẹ̀ máa ń dín orúkọ tí ẹ ó máa yẹ̀ wò kù sí ìwọ̀nba. Ẹ jẹ́ ká fi òkúta Florida ṣe àpẹẹrẹ, torí iyùn àlejò kì í wọ́n lára rẹ̀. Nígbà kan rí, ara òkìtì iyùn gan-an ni wọ́n ti ń hú òkúta yìí. Ìpínlẹ̀ Florida kọ́kọ́ fòfin dè é nínú omi tirẹ̀. Nígbà tó di 1997, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà náà ti ilẹ̀kùn tó kù. Àwọn tó ń tà á lónìí máa ń háyà ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun lọ́wọ́ ìjọba. Wọ́n á ra òkúta ẹfun láti kòtò ìwakùsà, wọ́n á fi ọkọ̀ ojú omi kó o lọ, wọ́n á dà á sísàlẹ̀, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Òkun ló ń ṣe ìyókù. Ọmọ iyùn tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ máa ń wẹ̀ kiri títí yóò fi rí ojú òkúta tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ibi tó bá sì fìdí lé ni yóò ti dàgbà.

Nítorí náà, bí òkúta yín bá ti Gọ́ọ̀fù Mẹ́síkò wá, ẹ má ṣe máa wá orúkọ iyùn Indonesia fún ohun tó wà lára rẹ̀. Phyllangia, Oculina, Cladocora, Siderastrea, Manicina àti irú wọn ni kí ẹ máa retí. Bó bá jẹ́ láti Òkun Pàsífíìkì ni, ẹ máa retí Pocillopora, zoanthid àti iyùn rírọ̀. Ẹni tó fi òkúta gbígbẹ bẹ̀rẹ̀ táǹkì rẹ̀ náà kò bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí iyùn kéékèèké máa ń fara pamọ́ sí ìdí iyùn tí a fowó rà, lára pẹpẹ kékeré tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Etíkun tiwa kò lè kọ́ yín ní ẹ̀kọ́ yìí o. Láti Èkó dé Kútọnu dé Lomé, ẹ kò ní rí òkìtì iyùn, nítorí ẹrẹ̀ àti omi odò tó ń ya wọ òkun, àti omi tútù tó máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ láwọn àsìkò kan. Iyùn ọrùn ọba pàápàá, láti Òkun Mẹditaréníà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá, lára ẹ̀yà pupa kan tí ẹ kò ní bá pàdé lára òkúta táǹkì.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Kí òkúta tó dé, ẹ ti po omi òkun sínú ike ńlá kan: iyọ̀ 35 nínú 1,000, ìgbóná 25°C, kí pọ́ǹpù sì máa rú u. Omi tó ti ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi (RO/DI) jáde ni kí ẹ fi po ó, torí klórínì àti bàbà inú omi páìpù kì í dá iyùn sí. Bí ẹ ti ń yọ òkúta nínú páálí, ẹ ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbogbo, kí ẹ fi rúlà tàbí owó ẹyọ kan tì í kí ẹ lè mọ bí ohun tó wà lára rẹ̀ ṣe tóbi tó. Fọ́tò yìí ni ẹ̀rí yín lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nígbà tí ẹ bá ń bi ara yín pé ṣé iyùn yìí ń dàgbà ni àbí ó ń rù.

Ẹ fi imú yín ṣiṣẹ́. Kànrìnkàn tó ti rí afẹ́fẹ́ kì í pẹ́ kú, òórùn rẹ̀ ló sì máa ń tú u fó. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ya ibi tó ti rà kúrò, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì fọ òkúta náà. Àwọn kan máa ń rì í bọ omi tí kò níyọ̀ kí akàn lè sá jáde. Èmi kò fara mọ́ ọn, torí omi tó ń lé akàn yẹn náà ló ń pa iyùn.

Amóníà ni ọ̀tá ọ̀sẹ̀ yìí, ohun tó ti kú lára òkúta ló sì ń mú un wá. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Bó bá ti kọjá 0.5 mg/L, ẹ pààrọ̀ ìdajì omi, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kejì. Ẹ jẹ́ kí iná rẹlẹ̀. Òkúta tó ti ìsàlẹ̀ òkun wá, tó sì ti sùn nínú páálí, kò lè dédé gba iná LED tí a tàn dé góńgó. Wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún lóòjọ́ tó, ní ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ (PAR) 50 sí 80, kí ẹ wá máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún bí oṣù kan. Iyùn tí iná pọ̀ jù fún á lé ewé tíntìntín tó ń gbé inú ẹran ara rẹ̀ jáde, á sì funfun, ó sì lè má bọ́ nínú rẹ̀ mọ́. Èyí tí iná kéré fún á kàn dúdú díẹ̀ ni, ẹ ṣì ráyè tún un ṣe.

Ẹ wò ó lálẹ́

Lálẹ́ ni ọ̀pọ̀ iyùn máa ń jáde jẹun. Ẹ pa iná, ẹ dúró fún wákàtí kan sí méjì, kí ẹ wá fi náílọ́ọ̀nù pupa di ojú tọ́ọ̀ṣì, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀dá inú òkun kì í fi bẹ́ẹ̀ ka iná pupa sí. Ihò tó ṣófo lọ́sàn-án lè ti kún fún ọwọ́ wẹ́wẹ́. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ máa wò: eegun, iye ọwọ́, àti àwọ̀.

Eegun ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ jẹ́ kí n fi Phyllangia americana ṣàlàyé rẹ̀, torí òun gan-an ni wọ́n máa ń pa láìmọ̀. Inú ihò tàbí abẹ́ òkúta ló fẹ́ràn. Kọ́ọ̀bù òkúta kéékèèké ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan, wọ́n sì máa ń tò pọ̀ ní mẹ́ta, ní márùn-ún. Lálẹ́, ọwọ́ wọn á nà jáde. Ó lè mọ́ gaara, ó lè ní àwọ̀ búráùn díẹ̀, àmì funfun wínníwínní sì wà lára rẹ̀. Bí a bá wò ó láti òkè, Aiptasia, ànẹ́mónì tí onítáǹkì kì í fẹ́ gbúròó rẹ̀, jọ ọ́ púpọ̀.

Ẹ mú igi sùyà kan tó mọ́, kí ẹ rọra fi ṣóńṣó rẹ̀ kan ọwọ́ nǹkan náà. Aiptasia á wọlé fìrì, ihò òfìfo lẹ ó máa wò. Phyllangia á rọra máa fà sẹ́yìn, bó bá sì fà tán, etí kọ́ọ̀bù náà á yọ, ó funfun, ògiri wẹ́wẹ́ sì ti etí yẹn wọ àárín yípo. Ẹ fi igi náà tẹ etí rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ lọ́wọ́ pé ó le. Kò sí ibi tó le lára Aiptasia láti orí dé ìdí. Bí ohun tí ẹ kàn bá le, ẹ gbé oògùn yín padà síbi tó wà.

Bó bá wá jẹ́ Aiptasia lóòótọ́, ẹ má gé e, ẹ má sì fi nǹkan họ ọ́ kúrò lára òkúta. Ẹran kékeré tó bá kù lára ìdí rẹ̀ lè di odidi òmíràn, ẹyọ kan á sì di mẹ́wàá. Ẹ pa pọ́ǹpù, ẹ po kálísíọ̀mù háídírọ́ọ̀sáìdì, èyí tí àwọn onítáǹkì ń pè ní kalkwasser, pẹ̀lú omi díẹ̀ kó ki bí ẹ̀kọ mímu, kí ẹ fi síríǹjì fà á, kí ẹ sì rọra tú u sí ẹnu rẹ̀ títí yóò fi bò ó. Ẹ má ṣe é fún ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí ó ń gbé pH omi sókè. Edé Lysmata wurdemanni máa ń jẹ Aiptasia, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a máa ń rí èyí tí kò ní wò ó rárá. Berghia, ìgbín kékeré tí kò ní ìkarahun, kò mọ oúnjẹ mìíràn. Bí Aiptasia bá tán nínú táǹkì yín, ẹ tètè gbé e fún ẹlòmíràn kí ebi tó pa á.

Ní ti iye ọwọ́, mẹ́fà-mẹ́fà ni iyùn olókùúta máa ń kà á: mẹ́fà, méjìlá, mẹ́rìnlélógún. Bí ẹ bá ka mẹ́jọ géérégé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀ka wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, iyùn rírọ̀ tàbí gorgonian lẹ rí. Bí ṣóńṣó ọwọ́ bá rí roboto, tó funfun tàbí tó ní àwọ̀ ọsàn, tí ara ìyókù mọ́ gaara, tí kò sì ní eegun, Pseudocorynactis nìyẹn. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n èyí tó bá dàgbà lè gbé ìgbín mì. Èyí tó dúró bí òwú tẹ́ẹ́rẹ́, tí kò sí kọ́ọ̀bù nídìí rẹ̀, tó sì ń tàn kálẹ̀ láti orí okùn tó rọ̀ mọ́ òkúta, hydroid ni. Kì í ṣe iyùn, ó sì máa ń ta èyí tó bá wà nítòsí rẹ̀.

Àwọ̀ ló ń sọ oúnjẹ. Búráùn, tàbí àwọ̀ ewé tí búráùn wà lábẹ́ rẹ̀, ń sọ fún yín pé ewé tíntìntín wà nínú ẹran ara rẹ̀ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ fún un. Irú èyí nílò iná. Èyí tó mọ́ gaara, tàbí tó jẹ́ àwọ̀ ọsàn tàbí píǹkì láìsí búráùn kankan, ọwọ́ yín ló ń wò. Bí ẹ kò bá bọ́ ọ, iná tó dára jù láyé kò lè gbà á.

Àwọn tí ẹ ó bá pàdé

Siderastrea ló rọrùn jù. Ó rí roboto tàbí ó tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ òkúta, àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ eérú tàbí búráùn, ihò kéékèèké sì kún ojú rẹ̀. Ó máa ń gbé inú omi tí kò jìn nínú òkun, níbi tí ooru àti iyanrìn kì í ti jẹ́ kí ẹlòmíràn rọ́wọ́ mú, ìdí nìyẹn tó fi máa ń fara da àṣìṣe onítáǹkì tuntun. Ẹ má retí kó yára dàgbà. Oculina diffusa ní ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ búráùn tó fẹ́ẹ́ pọ́n, pólípù rẹ̀ (ẹnu àti ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan) sì máa ń yọ síta dáadáa. Iná tó mọ níwọ̀n àti oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó o. Cladocora arbuscula ò ṣòro: ọ̀pá kéékèèké tí kò fẹ̀ ju mílímítà mélòó kan lọ, tí wọ́n dúró pọ̀.

Manicina areolata yàtọ̀. Ara òkúta ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá dàgbà, orí iyanrìn tàbí àárín koríko òkun ló máa ń gbé láìlẹ̀ mọ́ ohunkóhun. Bí ìgbì bá dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó lè fi omi wú ara rẹ̀ títí yóò fi yí padà. Bí èyí tó wà lára òkúta yín bá já fúnra rẹ̀, ẹ má sáré wá gúlù. Orí iyanrìn ni kí ẹ gbé e sí, níbi tí omi kò ti ní fẹ́ iyanrìn bò ó.

Favia fragum kì í tóbi ju bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ìwà rẹ̀ kan ló mú kí n fẹ́ràn rẹ̀: oṣù ojú ọ̀run ló fi ń ka ọjọ́ tí yóò tú ọmọ sílẹ̀, ó sì lè máa bímọ lóṣooṣù nínú táǹkì láìjẹ́ pé ẹ ṣe nǹkan kan fún un.

Tubastraea coccinea ni ẹ ó dá mọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọ̀ ọsàn rẹ̀ kì í fara pamọ́, pólípù rẹ̀ sì tóbi. Ilé rẹ̀ gan-an ni Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì. Ní àwọn ọdún 1940 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní Karíbíánì, lẹ́yìn náà ló dé Gọ́ọ̀fù Mẹ́síkò àti Brazil, níbi tó ti ń gun ara ọkọ̀ àti pèpéle epo rọ̀bì kiri. Ó ti wọ Baía de Todos-os-Santos báyìí, ní ẹsẹ̀ ìlú Salvador ní Bahia níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí nígbà òwò ẹrú, ó sì ń lé àwọn iyùn onílé kúrò lórí òkúta. Nínú táǹkì, kò sí ewu tó ń ṣe, àfi pé kò ní ewé inú ara rẹ̀ rárá. Ẹni tí kò bá lè máa bọ́ ọ lójoojúmọ́ tàbí lọ́jọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀, kó gbé e fún ẹni tó lè ṣe é.

Láti Pàsífíìkì, Pocillopora ni inú yín máa dùn sí. Ó máa ń yọ níbi tí ẹnì kan kò gbìn ín sí, lára pọ́ǹpù tàbí ẹnu ibi tí omi ti ń ṣàn jáde, torí ọmọ rẹ̀ máa ń bá omi kiri. Xenia àti Briareum, tí wọ́n jẹ́ iyùn rírọ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ó kọ́kọ́ yọ̀ mọ́ wọn, lẹ́yìn ọdún kan wọ́n á ti bo òkúta gbogbo. Ẹ gbé òkúta tí wọ́n bá wà lára rẹ̀ sọ́tọ̀ sáàárín iyanrìn, kó má kan òkúta mìíràn.

Zoanthid: ẹ má fi ṣeré

Zoanthid àti Palythoa ò ní eegun. Ojú wọn rí roboto, ọwọ́ kúkúrú sì yí etí rẹ̀ ká. Lára Palythoa ni wọ́n ti yọ palytoxin, ọ̀kan nínú májèlé tó lágbára jù tí ẹ̀dá ń ṣe. Moore àti Scheuer ti Yunifásítì Hawaii ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1971. Kì í ṣe gbogbo zoanthid ló ní in, ojú lásán kò sì lè fi èyí tó ní in hàn. Ní 2018, ìdílé kan ní Oxfordshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dèrò ọsíbítù lẹ́yìn tí wọ́n fọ iyùn inú táǹkì wọn.

Nítorí náà, ẹ má se òkúta lórí iná láti pa ohun tó wà lára rẹ̀, láé. Ẹ má da omi gbígbóná lé e, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ họ ọ́, torí eruku àti ooru omi ló ń gbé májèlé náà wọ imú. Bí ẹ bá máa gé zoanthid, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìgò ojú, kí ojú ọgbẹ́ kankan má ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì gé e nínú omi. Bí ẹnu bá ń korò, bí ikọ́, ibà tàbí èémí tó ń le bá tẹ̀ lé iṣẹ́ yìí, ọsíbítù ló kàn, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ẹ fọwọ́ kan iyùn. Kò sí oògùn kan pàtó tó ń pa májèlé yìí. Ìtọ́jú ni wọ́n á fi gbé ara ró.

Bíbọ́ iyùn

Ẹ pa pọ́ǹpù. Ẹ yọ́ edé mysis tí ó dì nínú omi táǹkì díẹ̀, kí ẹ fi síríǹjì fọ́n omi rẹ̀ nìkan sórí iyùn. Òórùn yìí ló ń jí i. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ọwọ́ bá ti nà tán, ẹ rọra sọ mysis kan lé pólípù kọ̀ọ̀kan lórí. Ẹ ó rí bí ọwọ́ ṣe máa ká mọ́ ọn, tí ẹnu á là, tí edé náà á sì máa wọlé láti orí rẹ̀. Fún pólípù tó kéré, mysis ti tóbi jù, ọmọ artemia tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ló bá a mu.

Edé inú táǹkì á fẹ́ jí oúnjẹ náà. Ẹ gé ìdí ike omi kan, kí ẹ fi ọrùn rẹ̀ sókè, kí ẹ sì dé e mọ́ iyùn fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ máa fi síríǹjì gba ọrùn ike náà bọ́ ọ. Phyllangia tí mo bá rí tó ti rù, tí etí kọ́ọ̀bù rẹ̀ ti yọ síta, tó jẹ́ pé ẹran díẹ̀ ló kù láàárín, máa ń gba oúnjẹ kékeré lójoojúmọ́ ju oúnjẹ ńlá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ. Ní tòótọ́, bí a bá ní kí n yan iyùn kan láàárín gbogbo èyí tí wọ́n ń tà lówó gọbọi, mo lè yan Phyllangia tí kò ná mi ní kọ́bọ̀, torí kò sí èyí tó ń fi ara rẹ̀ hàn tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń jẹun.

Omi, àti ìyàtọ̀ láàárín Èkó àti London

Ìgbóná 24 sí 26°C, alkalinity 8 sí 9 dKH, kálísíọ̀mù 400 sí 450 mg/L, màgìnísíọ̀mù 1,250 sí 1,350 mg/L, náítíréètì 2 sí 10 mg/L, fọ́síféètì 0.03 sí 0.1 mg/L. Kí ó dúró sójú kan ṣe pàtàkì ju kí ẹ máa lé nọ́ḿbà kan lọ. Alkalinity tó bá yí ju 1 dKH lọ láàárín ọjọ́ kan máa ń kó ìdààmú bá iyùn tó ti ń gbádùn ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní London, hítà ni ìṣòro: ẹ lo méjì kéékèèké dípò ẹyọ ńlá kan, kí ọ̀kan lè gbé iṣẹ́ náà bí èkejì bá kú. Ní Èkó, ooru ni. Fáànù tí ẹ dojú rẹ̀ kọ omi á fa ìgbóná wálẹ̀ níwọ̀n ìba, ṣùgbọ́n omi á máa gbẹ, nítorí náà omi tí kò níyọ̀ ni kí ẹ máa fi dí i. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ tó ń lo bátìrì tí ẹ rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ táǹkì ló máa ń gbà yín nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, torí àìsí afẹ́fẹ́ nínú omi máa ń pa ẹja àti iyùn kí ooru tó pa wọ́n.

Àwọn tó ń jẹ ẹ́

Akàn tó hurun, tí ṣóńṣó èékánná rẹ̀ sì dúdú, ẹ mú un. Ẹ fi gíláàsì mímu kan tì í sára òkúta ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ẹ ju ẹran edé sínú rẹ̀ lálẹ́; ó máa ń wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì máa yọ̀ lára dígí. Ariwo tó ń dún tọ́! lóru lè jẹ́ edé oníbọn kékeré tí kò ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, ó sì lè jẹ́ edé mantis tó ń pa akàn àti ìgbín, nítorí náà ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wá a kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Ekòló onírun tó wọ́pọ̀ jẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Hermodice carunculata ló ń jẹ iyùn: ó nípọn, irun funfun tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìdì pupa sì wà nídìí irun náà. Pinsẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ fi mú un, torí irun rẹ̀ á wọ ọwọ́, á sì máa jó yín.

Ibùjókòó, òfin, àti ọmọ

Ibi tí iyùn yan ló dára jù. Èyí tó wà lábẹ́ òkúta, tí kò ní búráùn lára, ẹ fi í sílẹ̀ nínú òjìji rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ yọ ọ́, òkúta ni kí ẹ fi ṣísẹ́ẹ̀lì gé, kí iyùn má fara gbọgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí àyè tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá wà láàárín ẹ̀yà méjì, torí ọ̀wọ́ irú Favia máa ń na ọwọ́ gígùn kan jáde lóru láti fi ta aládùúgbò rẹ̀. Bí ìlà funfun bá yọ lára iyùn kan ní ìhà tó kọjú sí èkejì, ìjà ti ṣẹlẹ̀, ẹ yà wọ́n.

Gbogbo iyùn olókùúta àti òkúta ààyè ló wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹ̀dá tó wà nínú ewu, nítorí náà ẹ kò lè dì í sínú báàgì gba ẹnubodè orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn láìsí ìwé àṣẹ. Èyí kan ẹ̀bùn tí ẹ fẹ́ gbé láti Houston wá sí Ìbàdàn náà. Ohun tí ẹ kò bá sì fẹ́ mọ́, ẹ má dà á sínú ọ̀sà, odò tàbí òkun; ẹ fún onítáǹkì mìíràn, tàbí kí ẹ jẹ́ kó gbẹ níta nínú oòrùn, níbi tí ọmọdé kò lè dé, kí ẹ tó sọ ọ́ nù.

Ọmọ iyùn tó bá lẹ̀ mọ́ dígí táǹkì, kó tó ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí mágínẹ́ẹ̀tì ìfọdígí yín kàn án. Bó bá ti fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan, ẹ lè fi abẹ́ ìfárùngbọ̀n tuntun, tí ẹ tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ dígí, ṣí i láti ìdí. Ẹ nu ìdí rẹ̀ gbẹ, ẹ kán súpà gúlù jẹ́ẹ̀lì díẹ̀ sórí òkúta kékeré, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kí ẹ gbé e sísàlẹ̀ táǹkì níbi tí iná ti rẹlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó gòkè.